Láti Antofagasta dé Olaroz: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Lórí Àwọn Pápá Iyọ̀ Lithium

Ọjọ́ Kìíní: Antofagasta àti La Negra

Ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò lithium, irin fífúyẹ́ inú bátìrì, ni ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. Antofagasta, ìlú èbúté ní àríwá Chile, wà létí òkun gan-an, nítorí náà ara á ráyè sinmi kí gígun òkè tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn tánkà tó ń ti pápá iyọ̀ bọ̀ ń já ẹrù wọn sí.

Bí èèyàn bá jáde nílùú tó kọrí sí aṣálẹ̀, bíi ogún kìlómítà, La Negra ló máa bá: eruku, páìpù, ilé-iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni Albemarle, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ti ń ṣe lithium carbonate, ìyẹ̀fun funfun tí àwọn tó ń ṣe bátìrì ń rà. Ti SQM, ilé-iṣẹ́ Chile, wà ní Salar del Carmen, òun náà kò jìnnà sílùú. Àwọn tánkà a máa tò tẹ̀lé ara wọn lójú títì, omi sì ni wọ́n gbé: omi iyọ̀ aláwọ̀ ìyeyè, tó ki, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí lithium inú rẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí omi náà rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ boron kúrò, torí pé boron díẹ̀ péré ti tó láti ba ọjà jẹ́ lójú àwọn tó ń ṣe bátìrì. Wọ́n á fi láìmù àti soda ash (sodium carbonate) lé magnesium àti calcium tó ṣẹ́ kù jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé omi ọ̀hún kaná títí yóò fi kọjá 80°C, wọ́n á da soda ash sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, lithium carbonate á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ ní funfun. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé iná ni wọ́n ń gbé e kà? Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ṣúgà ń yòrò sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lithium carbonate yàtọ̀. Lítà omi kan ní 20°C lè gba nǹkan bíi gíráàmù 13 rẹ̀. Ní 100°C, bíi gíráàmù 7 péré ló máa gbà. Ẹni tó bá ṣe é ní tútù, owó ló ń dà nù pẹ̀lú omi. Omi gbígbóná náà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kó tó di gbígbẹ. Ó kéré tán, soda ash tọ́ọ̀nù 1.4 ló ń lọ sórí tọ́ọ̀nù carbonate kan. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn dìgbà tí a bá dé Bolivia, níbi tí ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ gòkè.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń ka ìròyìn lórí nǹkan yìí: kìlógíráàmù lithium kan wà nínú carbonate kìlógíráàmù 5.3. Àwọn oníròyìn a máa da méjèèjì pọ̀, òǹkàwé á sì rò pé ọjà ti di ìlọ́po márùn-ún lóru ọjọ́ kan.

Oúnjẹ: ọjà àwọn apẹja létí èbúté ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹja reineta díndín pẹ̀lú ìrẹsì níbẹ̀ dínwó dáadáa sí ti àwọn ilé oúnjẹ tó kọjú sókun.

Ọjọ́ Kejì: Calama, títí dé San Pedro de Atacama

Títì ọ̀dà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bíi kìlómítà 215 ló dé Calama, ó sì ku nǹkan bí ọgọ́rùn-ún sí San Pedro. Ẹ rọ epo kún ní Antofagasta, ilé epo kò pọ̀ láàárín. Ọkọ̀ àwọn awakùsà tóbi, wọ́n sì ń sáré. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti yà wọ́n sílẹ̀ lórí òkè.

Àríwá Calama ni kòtò bàbà Chuquicamata wà, ibẹ̀ sì ni ìtàn lithium Chile ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ Anaconda ti Amẹ́ríkà, tó ń wa bàbà níbẹ̀ nígbà náà, ń wá omi tí wọ́n máa lò níbi iṣẹ́. Omi tí wọ́n bá ní Salar de Atacama, pápá iyọ̀ ìtòsí San Pedro, kò ṣeé lò, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ àyẹ̀wò fi hàn pé lithium wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu.

Àwọn èèyàn ti mọ lithium tipẹ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Johan August Arfwedson ló rí i ní Sweden ní 1817, nínú òkúta kan tó ti erékùṣù Utö wá. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú òkúta ni wọ́n ti ń wá a. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Amẹ́ríkà rà á rẹpẹtẹ fún bọ́ǹbù hydrogen. Ní 1966 ni Foote Mineral, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi iyọ̀ ṣe é fún títà, ní Silver Peak ní Nevada. Nígbà tí Foote wá gbọ́ nípa Atacama, wọ́n bá CORFO, àjọ ìdàgbàsókè ìjọba Chile, ṣàdéhùn ní 1975. Ní 1984 ni carbonate àkọ́kọ́ jáde.

Láàárín àdéhùn àti ọjà, ìjọba ológun Chile ṣe òfin kan ní 1979 pé lithium di ti ìjọba, àti pé àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì ni yóò máa pinnu iye tí wọ́n lè tà. Bọ́ǹbù ni wọ́n ń rò, bátìrì kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀. Ọdún 1991 ni Sony ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bátìrì lithium-ion sọ́jà. Àdéhùn Foote ti wà kí òfin yìí tó dé, ìdí nìyí tí kò fi mú un.

SQM dé ní àwọn ọdún 1990. Potassium fún ajílẹ̀ ló gbé e débẹ̀, lithium sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí carbonate rẹ̀ bọ́ sọ́jà ní nǹkan bí 1997, owó rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé àwọn tó ń fọ́ òkúta ní North Carolina ti ibi iṣẹ́ wọn pa. Ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá nílé. Òkúta ni ti Ìjerò-Èkìtì àti ti Kòmu ní Òkè-Ògùn, irú ti North Carolina ni, kì í ṣe omi. Bí owó omi iyọ̀ bá já, àwọn olókùúta ló kọ́kọ́ máa ń gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé omi ló máa ń borí nígbà gbogbo o: òkúta ni Australia fi gba ipò kìíní lágbàáyé lónìí.

San Pedro wà ní mítà 2,400 sókè. Ẹ sun ibẹ̀ ju alẹ́ kan lọ. Ọ̀wọ́n ni ìlú náà, torí àwọn arìnrìn-àjò. Ẹ béèrè *menú del día*, oúnjẹ òòjọ́ tó dínwó, ní ẹ̀yìn ọjà, kì í ṣe lójú pópó Caracoles.

Ọjọ́ Kẹta: Toconao, Chaxa, Peine

Àwọn tó ti rí àwòrán Uyuni, pápá iyọ̀ Bolivia, ń retí pápá funfun tó tẹ́jú. Atacama kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ṣe págunpàgun, ó pọ́n bí eruku ṣe pọ́n, etí rẹ̀ sì mú tó láti gé bàtà. Ní adágún Chaxa, àwọn ará Toconao ló ń gba owó ìwọlé, ẹyẹ flamingo irú mẹ́ta ló sì ń jẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dé ibẹ̀ kí oòrùn tó ga. Bó bá ti di ọ̀sán, atẹ́gùn kò ní jẹ́ kí ojú là.

Ẹ máa lọ sí gúúsù títí dé Peine, bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí San Pedro. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni abúlé náà wà, ìbẹ̀ lèèyàn ti lè rí àwọn adágún àtọwọ́dá náà lọ́ọ̀ọ́kán, ní àwọ̀ búlúù, ewé àti ìyeyè. Ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ ṣáájú kò lè wọlé, nítorí náà ẹ mú awò ìwòran tó jìnnà dání.

Àwọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ fi ka iṣẹ́ náà. Pọ́ńpù ń fa omi láti abẹ́ ìpele iyọ̀, lítà kan sì ní nǹkan bíi gíráàmù kan àtààbọ̀ sí méjì lithium. Adágún àkọ́kọ́ ni iyọ̀ ọbẹ̀ ti ń dì sílẹ̀. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, potassium chloride á dì pọ̀ mọ́ iyọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń kó lọ ṣe ajílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni carnallite, iyọ̀ potassium òun magnesium, lẹ́yìn ìyẹn ni bischofite, tó jẹ́ iyọ̀ magnesium. Bí iyọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń já sílẹ̀ ni lithium ń pọ̀ sí i nínú omi tó ṣẹ́ kù, tí omi ọ̀hún sì ń pọ́n. Gbogbo rẹ̀ ń gba bí oṣù 12 sí 18. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yára mú oòrùn. Bí owó lithium bá ga lónìí, omi tí wọ́n fà lónìí kò ní bá ọjà yẹn.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀: rọ́bà tó wà lábẹ́ adágún. Katakátá ló ń kó iyọ̀ tó dì, irin rẹ̀ sì lè ya rọ́bà náà, nítorí náà wọ́n a máa fi ìpele iyọ̀ kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ láìkó. Bí rọ́bà bá ya, omi olówó iyebíye á padà sílẹ̀ tó ti wá láìsí ẹni tó mọ̀, àfi bí wọ́n bá ń wọn iye tó wọlé àti iye tó kù lójoojúmọ́. Ìkejì ni kí àwọn òṣìṣẹ́ kánjú gbé omi láti adágún kan sí èkejì. Bí carnallite kò bá tíì já tán, yóò di pọ́ńpù àti páìpù pa.

Èyí tó pọ̀ jù nínú omi tí wọ́n ń fà ló ń bá oòrùn lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ á ní omi iyọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò lè mu ún. Àwọn Likanantay, tó ni ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, á fèsì pé omi iyọ̀ àti omi dídùn wà nínú agbada kan náà, àti pé bí ẹ bá fa ọ̀kan, èkejì á sún. Mo rò pé ìdáhùn kejì yìí ló sún mọ́ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ní 2016, Albemarle gbà láti máa fún àjọ àwọn ìlú Atacama ní ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá pa. Ní 2018, lẹ́yìn ẹjọ́ gígùn, CORFO gbé owó tí SQM ń san ga, tó fi lè dé ìdá ogójì bí ọjà bá ga. Ní 2023 ni Ààrẹ Gabriel Boric kéde pé ìjọba fẹ́ ní ìpín tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ní 2024 sì ni Codelco, ilé-iṣẹ́ bàbà ti ìjọba, àti SQM fọwọ́ sí àdéhùn láti jọ ṣe é ní Atacama.

Ọjọ́ Kẹrin: Hito Cajón, Laguna Colorada

Ẹnubodè Bolivia wà ní nǹkan bíi mítà 4,480. Láàárín wákàtí kan, èèyàn ti fi mítà 2,000 gòkè, orí á sì mọ̀ ọ́n. Ẹ mu omi púpọ̀, ẹ má fẹnu kan ọtí ní alẹ́ àná rẹ̀, ẹ jẹun díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀mí bá ń kù díẹ̀ káàtó nígbà tẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún awakọ̀ kó yí padà sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ewé coca á ràn yín lọ́wọ́ ní Bolivia, àmọ́ ẹ má ṣe gbé e wọ Chile nígbà àbọ̀.

Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, kó gba físà kó tó kúrò nílé, kó sì mú káàdì àjẹsára ibà apọ́njú dání. Wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní Bolivia. Owó ìwọlé ọgbà Eduardo Avaroa jẹ́ 150 Bs (boliviano, owó Bolivia) fún àjèjì. Ẹ pa rìsíìtì mọ́, wọ́n á tún béèrè rẹ̀ ní ìjáde. Dọ́là tó mọ́, tí kò ya, ni kẹ́ ẹ mú: owó ìjọba dúró sí 6.96 Bs sí dọ́là kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n láti 2023 tí dọ́là ti wọ́n, ti ìta ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìhò eefin Sol de Mañana wà ní bíi mítà 4,850. Ẹ má rìn kọjá ibi tí awakọ̀ bá dúró sí, ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹrẹ̀ tó ń hó sì wà lábẹ́ rẹ̀. Iná abẹ́ ilẹ̀ yìí wà nínú ìtàn lithium: omi gbígbóná ń fọ̀ ọ́ kúrò lára òkúta òkè oníná, odò ń gbé e lọ sí agbada tí kò ní ọ̀nà àbájáde sókun, oòrùn ń gbẹ omi, lithium sì ń ṣẹ́ kù síbẹ̀. Funfun tẹ́ ẹ máa rí láàárín omi pupa Laguna Colorada, borax ni.

Ọjọ́ Karùn-ún: Lípez, dé Uyuni

Ọ̀nà kò sí, ipasẹ̀ ọkọ̀ ló wà. Táyà ọkọ̀ wa bẹ́ láàárín yanrìn, èyí tó wà nípamọ́ kò sì ní atẹ́gùn tó. Awakọ̀ kejì tó ń bọ̀ dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá a dúró, ó mú pọ́ńpù rẹ̀ jáde, ó bá wọn fún un tán, ó sì kọ owó. Bó ṣe rí lọ́nà yẹn nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá rí ọkọ̀ tó dúró gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ wo táyà ìpamọ́ méjèèjì àti jálá epo kẹ́ ẹ tó sanwó fún ọkọ̀ kankan.

Lálẹ́, ọbẹ̀ quinoa, ẹran llama àti *chuño*. Ànàmọ́ òyìnbó ni chuño: wọ́n á tẹ́ ẹ síta kí òtútù òru dì í, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ omi rẹ̀ jáde, wọ́n á sì sá a. Ó dúdú, ó sì ń pẹ́ bíi gbódó.

Ọjọ́ Kẹfà: Colchani àti Salar de Uyuni

Kìlómítà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá níbùú lóròó ni pápá yìí fi díẹ̀ lé, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3,656. Adágún ayé àtijọ́ ló gbẹ dà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ a máa gba Colchani wọlé, torí pé ní etí pápá, ìpele iyọ̀ fẹ́lẹ́, omi ń sun nísàlẹ̀, ọkọ̀ tó bá sì yà kúrò lójú ipasẹ̀ á rì. Láàárín pápá, kò séwu.

Ní Colchani, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi àáké gé iyọ̀ ní búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní ìlà: funfun tó nípọn, ìlà àwọ̀ ilẹ̀ tín-ín-rín, funfun lẹ́ẹ̀kan sí i. Òjò oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ló ń bo pápá, tó ń tú òkè iyọ̀, tó sì ń tún un dì. Eruku ìgbà ẹ̀rùn ni ìlà dúdú. Nínú yàrá kékeré kan, màmá kan jókòó ti òkìtì iyọ̀ tí wọ́n ti yan lórí iná, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi iodine sí. Ó ń bù ú sínú ọ̀rá kìlógíráàmù kan, á fa ẹnu ọ̀rá náà kọjá lára iná gáàsì kékeré kan, ẹnu á lẹ̀ pọ̀, á jù ú sí ẹ̀gbẹ́. Kò wo ọwọ́ rẹ̀. Ó bu *api*, ohun mímu àgbàdo elésè àlùkò tó gbóná, fún gbogbo wa kó tó gbà kí a ra iyọ̀. Ẹ ra iyọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èrè orí kìlógíráàmù kan kò tó nǹkan.

Erékùṣù Incahuasi tó kún fún ẹ̀gún ọ̀rọ́ ń gba owó ìwọlé tirẹ̀, ẹ mú 30 sí 50 Bs dání. Awò ojú ṣe pàtàkì ju fìlà lọ: oòrùn tó ń ta padà láti ilẹ̀ lè jó ojú àti abẹ́ àgbọ̀n. Òtútù òru ní oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ burú. Tẹ́ ẹ bá padà sí ìlú, ẹ rí i pé wọ́n fi omi dídùn fọ abẹ́ ọkọ̀ dáadáa, pàápàá ní ìgbà òjò. Iyọ̀ ń jẹ páìpù bíréèkì àti wáyà iná kíákíá.

Ọjọ́ Keje: Río Grande àti Llipi

Ìhà gúúsù ìlà-oòrùn pápá, níbi tí odò Río Grande ti ń wọ inú rẹ̀, ni lithium ti pọ̀ jù. Odò náà ló ń gbé e wá. Ibẹ̀ náà ni Llipi wà, ilé-iṣẹ́ ìjọba Bolivia. Tí kò bá sí ìwé àṣẹ, òde lẹ máa ti wò ó.

George Ericksen láti àjọ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, USGS, pẹ̀lú àwọn ará Bolivia, ló gbé ìṣirò lithium inú pápá yìí jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwòrán sátẹ́láìtì Landsat ti jẹ́ kí wọ́n rí gbogbo pápá náà lẹ́ẹ̀kan. François Risacher, ọmọ Faransé, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní yíyẹ omi àwọn pápá iyọ̀ Bolivia wò. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé kò sí ibi tí lithium pọ̀ tó ti ibí. Ní 2024, USGS kà á sí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù mẹ́tàlélógún fún gbogbo Bolivia.

Kí ló dé tí Chile fi ń tà láti 1984, tí ti Bolivia kò sì tó nǹkan? Èsì tí wọ́n máa ń fún èèyàn ni òṣèlú. Òṣèlú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo omi. Ní Atacama, magnesium jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà lithium. Ní Uyuni, ó tó ìlọ́po ogún. Magnesium àti lithium fẹ́ràn láti máa rìn pọ̀; bí magnesium bá pọ̀ tó báyìí, yóò gbé lithium mì bó ṣe ń dì. Ẹni tó bá fẹ́ fi láìmù lé e jáde nílò òkè láìmù, ẹrọ̀fọ̀ funfun tó máa bí á sì di lithium mú. Sulfate náà pọ̀ níbẹ̀, òun náà á sì fa lithium mọ́ra. Lẹ́yìn náà, oòrùn Atacama lè gbẹ ju mítà mẹ́ta omi lọ lọ́dún. Ti Uyuni kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ, òjò á sì tún rọ̀ sínú adágún tí wọ́n ti ń gbẹ láti oṣù mélòó kan. Pápá tó tóbi jù ní omi tó le jù.

Òṣèlú wá rèé. Ní 1992, LITHCO, ilé-iṣẹ́ lithium ti Amẹ́ríkà, gba àdéhùn. Àwọn ará Potosí, ìpínlẹ̀ tí Uyuni wà, tó mọ bí fàdákà òkè Cerro Rico ṣe lọ láti 1545, tó sì mọ bí Antofagasta àti iyọ̀ rẹ̀ ṣe bọ́ mọ́ Bolivia lọ́wọ́ nínú ogun 1879, kò gbà. Ní 1993, LITHCO kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Hombre Muerto ní Argentina. Ní 2008, ìjọba Evo Morales pinnu pé Bolivia fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ìdánwò carbonate bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2013. YLB, ilé-iṣẹ́ ìjọba fún lithium, dé ní 2017. Ti potassium, tó lè ṣe 350,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, dé ní 2018. Àdéhùn pẹ̀lú ACI Systems ti Jámánì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2018, ni ìjọba fagi lé ní oṣù Kọkànlá 2019, lẹ́yìn tí Potosí ti dí ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ carbonate ńlá, tí wọ́n ní ó lè ṣe 15,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ kò sún mọ́ iye yẹn rárá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí ìjọba fi yíjú sí DLE, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi èròjà kan gba lithium ní tààràtà láìdúró de oòrùn. Ní 2024 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Uranium One ti Rọ́ṣíà àti CBC ti Ṣáínà, ariyanjiyan sì bẹ́ sílẹ̀ nílé aṣòfin ní 2025.

Ọjọ́ Kẹjọ: Tupiza, Villazón, La Quiaca

Bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Títì ti dára títí dé Tupiza. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń tajà ní gáréèjì bóyá *bloqueo*, ìdínà àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn, wà lọ́nà. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣáájú àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bí òkúta àti táyà bá ti wà lójú títì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá pẹ̀lú ìkíni, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ní òdìkejì. Ẹ má ya àwòrán ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Kẹsàn-án: Purmamarca àti Salinas Grandes

A ti wọ Argentina báyìí. Ní Purmamarca, ní ìpínlẹ̀ Jujuy, ọ̀nà 52 kọrí sókè. Cuesta de Lipán dé mítà 4,170, kọ́nà lórí kọ́nà, kó tó sọ̀ sí pápá iyọ̀. Lójú ọ̀nà, wọ́n ń ta *tortilla* tí wọ́n yan lórí ẹyín iná, wàràkàṣì wà nínú rẹ̀; ẹ rà á ní gbígbóná.

Salinas Grandes ń gbé àwọn Kolla, ọmọ onílẹ̀, ró. Wọ́n gbẹ́ kòtò gígùn sínú iyọ̀, omi búlúù sun sínú rẹ̀, iyọ̀ tuntun á dì, wọ́n á kó o. Ọmọ ìlú ló ń mú àlejò wọlé, owó rẹ̀ sì ń lọ sí àpò ìlú. Àkọlé kan wà níbi gbogbo: omi ni a fẹ́, a kò fẹ́ lithium. Àwọn ìlú 33 tó wà ní agbègbè Salinas Grandes àti Guayatayoc kọ ìlànà tiwọn ní 2015, lórí bí ẹnikẹ́ni ṣe gbọ́dọ̀ bi wọ́n léèrè kó tó gbẹ́ ohunkóhun. Ní oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí ìpínlẹ̀ Jujuy yí òfin rẹ̀ padà, Purmamarca yìí gan-an ni wọ́n ti dí ọ̀nà, tí ọlọ́pàá sì kọjú ìjà sí wọn.

Ọjọ́ Kẹwàá: Susques àti Olaroz

Ẹ rọ epo ní Susques kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú sí ẹnubodè Paso de Jama. Ṣọ́ọ̀ṣì amọ̀ tó ti wà láti òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún yẹ kẹ́ ẹ yà wò. Òtútù ibẹ̀ ń wọ egungun.

Adágún Olaroz, ní bíi mítà 3,900, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí 2014 lábẹ́ Orocobre, pẹ̀lú Toyota Tsusho àti JEMSE ti ìpínlẹ̀ Jujuy. Magnesium rẹ̀ kò tó ìlọ́po mẹ́ta lithium, nítorí náà láìmù tó fún un. Síbẹ̀, 17,500 tọ́ọ̀nù lọ́dún tí wọ́n ṣèlérí gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sún mọ́ ọn: òtútù òru ń fa gbígbẹ omi sẹ́yìn, àwọn adágún sì fẹ́ àkókò kó tó dọ́gba. Orocobre di Allkem ní 2021, Allkem àti Livent di Arcadium ní 2024, Rio Tinto sì ra Arcadium ní 2025. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ti wọ aṣọ orúkọ mẹ́rin láìkúrò lórí pápá kan náà.

Hombre Muerto, ní Catamarca, jìnnà síbí, ọ̀nà rẹ̀ kò sì ṣeé dá gbà. Ibẹ̀ ni FMC, tó ni LITHCO, ti ń fi èròjà tí wọ́n fi aluminium ṣe fa lithium nínú omi iyọ̀ láti nǹkan bí 1997. DLE tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Lẹ́yìn tí èròjà náà bá ti gba lithium tán, omi dídùn ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kúrò lára rẹ̀. Odò Trapiche ni wọ́n ti ń fa omi yẹn, koríko etí odò náà ti gbẹ, ní 2024 sì ni ilé ẹjọ́ gíga Catamarca dá ìwé àṣẹ tuntun dúró lórí odò Los Patos. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé DLE kì í lo omi, ẹ béèrè iye lítà omi dídùn tó ń lọ sórí tọ́ọ̀nù carbonate kan, àti ibi tí omi iyọ̀ tó ṣẹ́ kù ń lọ.